Àga Ẹ̀yìn Ilẹ̀kùn

Bí ọmọdé kan bá ń sunkún ní àdúgbò náà, tí wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí tí kò gbà, orúkọ obìnrin kan ṣoṣo ló máa ń pa á lẹ́nu mọ́. "Ìyá Abẹ́rẹ́ ń bọ̀ o!" Ẹkún á dá wáí. Obìnrin náà mọ̀ pé orúkọ òun ni wọ́n fi ń dẹ́rù ba ọmọ, kò sì bínú sí i. Ó ní orúkọ tó bá lè jẹ́ kí ìyá ọmọ rí oorun sùn, orúkọ rere ni.

Nọ́ọ̀sì ni. Iṣẹ́ kan náà ló ṣe láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì: ó ń gún àwọn ọmọ ọwọ́ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, èyí tí wọ́n fi ń dáàbò bo ọmọ kí àìsàn tó dé. Ó ní bó ṣe máa ń ṣe é. Á kọ́kọ́ gbé ìgò oògùn sókè sí ojú fèrèsé, á wò ó bí ẹni tó ń yẹ ẹyin wò. Á fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra ara wọn títí wọ́n á fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, nítorí ọmọ tí ọwọ́ tútù bá kọ́kọ́ kàn, kí abẹ́rẹ́ tó dé ló ti ń ké. Lẹ́yìn náà ló tó máa gún un, kò sì ní gbé ojú kúrò níbẹ̀ títí abẹ́rẹ́ á fi jáde. Ó máa ń sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ lẹ́yìn pé, "Ojú ni ọ̀gá ọwọ́. Bí ojú bá wo ibòmíì, ọwọ́ á ṣe bó ṣe wù ú."

Àwọn ọmọ tó gún dàgbà, wọ́n bí ọmọ tiwọn, wọ́n sì ń gbé wọn wá bá a.

"Màmá, ẹ rọra gún un o. Mo ṣì rántí tèmi."

"Ìwọ kọ́ lo rántí," ni Ìyá Abẹ́rẹ́ máa ń dáhùn, "itan ẹ ló rántí."

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó rò pé òun á jókòó ti ọkọ òun, káfíńtà tó ní ṣọ́ọ̀bù sí iwájú ilé. Kò pẹ́ tí lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ ìjọba. Wọ́n ti dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí á máa mójú tó àwọn abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ìjọba ń rà fún àwọn ọmọ. Àwọn dókítà wà níbẹ̀, agbẹjọ́rò obìnrin kan wà níbẹ̀, wọ́n sì fi àga kan sílẹ̀ fún ẹni tí á máa gbẹnu sọ fún àwọn òbí. Òun ni wọ́n ní kó wá jókòó sórí àga náà.

Káfíńtà ka lẹ́tà náà, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ṣé àwọn dókítà ni wọ́n fẹ́ kí o wá gún báyìí?"

"Bó bá gbà bẹ́ẹ̀, n ó gún wọn."

Iṣẹ́ ìgbìmọ̀ náà kò ṣòro láti ṣàlàyé, àmọ́ ó ṣòro láti ṣe. Wọn kì í ra abẹ́rẹ́, wọn kì í tà á. Ojú lásán ni wọ́n. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá fẹ́ kó abẹ́rẹ́ wọlé, àwọn ni wọ́n máa ń béèrè pé ṣé kò ní pa ọmọ lára. Bí ìròyìn bá sì jáde pé ó pa ẹnìkan lára, àwọn ni wọ́n máa wò ó fínnífínní, wọ́n sì lè ní kí wọ́n dáwọ́ dúró ná kí wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ní òfin kan tí wọn kì í fi ṣeré. Kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, akọ̀wé máa ń dìde, á sì béèrè pé, "Ǹjẹ́ a rí ẹni tí okùn kan so mọ́ ọ̀rọ̀ òní, ìbáà ṣe okùn iṣẹ́, ìbáà ṣe okùn èrè, ìbáà ṣe okùn ẹbí?" Ẹni tí okùn bá so, á sọ ọ́, á jáde, á sì lọ jókòó lórí àga kan tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, títí wọ́n á fi parí ọ̀rọ̀ náà.

Kò sí ẹni tó fẹ́ràn àga yẹn. Àga onígi ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń mì, ẹnu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló sì dojú kọ. Gbogbo ẹni tó bá ń kọjá á wo ẹni tó jókòó síbẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń wo ọmọ ilé ìwé tí tíṣà lé jáde. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìdun ló wà nínú ẹ̀.

Ìyá Abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ ti mú kí ẹnìkan lọ jókòó síbẹ̀ rí. Dókítà Àgbà ni, ọkùnrin kan tó ga, tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí àárẹ̀ mú. Ìyàwó rẹ̀ ní ilé ìtajà oògùn kan ní ìkóríta, oògùn ilé-iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà sì ló pọ̀ jù lórí pẹpẹ rẹ̀. Akọ̀wé béèrè ìbéèrè rẹ̀, Dókítà Àgbà ń wo ìka ọwọ́ rẹ̀.

"Dókítà, ẹ forí jì mí sà," ni Ìyá Abẹ́rẹ́ wí. "Ṣé ṣọ́ọ̀bù ìkóríta yẹn, ti ìyàwó yín kọ́?"

"Ti ìyàwó mi ni. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi kọ́ ló wá síbí, èmi ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni sà. Àmọ́ ẹ̀yin àti ìyàwó yín, inú ìkòkò kan náà lẹ ti ń jẹun."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Dókítà Àgbà kó fáìlì rẹ̀, ó dìde. Nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó dúró díẹ̀. Kò bínú, ó kàn rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyá, ẹ ṣe é dáadáa. Àmọ́ ẹ rántí pé ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà."

Ará ilé Ìyá Abẹ́rẹ́ kò pọ̀. Òun àti káfíńtà kò rí ọmọ bí. Ó gún gbogbo ọmọ àdúgbò lábẹ́rẹ́, ó sì ń padà sílé tó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni àbúrò rẹ̀ obìnrin bímọ, tó sì kú kó tó wo ojú ọmọ náà dáadáa. Láti yàrá ìgbẹ̀bí ni Ìyá Abẹ́rẹ́ ti gbé ọmọ náà sáyà wá sílé. Ọmọkùnrin náà kò tíì mọ ọ̀rọ̀ sọ tó ti ń fi ìka júwe fún gbogbo èèyàn ohun tó fẹ́ kí wọ́n ṣe, ni káfíńtà bá sọ ọ́ ní Ọ̀gá Kékeré. Orúkọ náà mọ́ ọn lára.

Kò sí ẹni tó fi ọ̀rọ̀ ìbí rẹ̀ pa mọ́ fún un, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún un pẹ̀lú. Ìjà bọ́ọ̀lù ló tú u. Ọmọ kan tó fìdí rẹmi sọ fún un lójú gbogbo ẹgbẹ́ wọn pé, "Lọ wá ìyá ẹ lọ. Ìyá Abẹ́rẹ́ kọ́ ló bí ẹ!" Ó dé sílé, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, kò sọ báàgì kalẹ̀. Ìyá Abẹ́rẹ́ ń fọ aṣọ.

"Mọ́mì, ṣé òótọ́ ni pé èmi kì í ṣe ọmọ yín?"

Ìyá Abẹ́rẹ́ nu ọwọ́ rẹ̀. Ó pè é súnmọ́, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, nítorí kò mọ bí wọ́n ṣe ń purọ́ fún ọmọ tó ń wo ojú èèyàn. "Àbúrò mi ló bí ẹ. Èmi ni mo ni ẹ́."

"Bí ẹnìkan bá wá bi yín léèrè ńkọ́?"

"Ẹni yòówù kó bi mí, ohun kan náà ló máa gbọ́. Gbólóhùn tó o sọ lẹ́nu ọ̀nà yẹn, kò ní ti ẹnu mi jáde láéláé. Ṣé o gbọ́?"

Ọmọ náà mi orí. Ó wá sọ báàgì kalẹ̀, ó sì béèrè oúnjẹ.

Ọ̀rọ̀ yẹn ti sùn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀ràn apá àwọn ọmọ ló jí i.

Ìyá kan ní àdúgbò ló kọ́kọ́ gbé ọmọ rẹ̀ wá sílé Ìyá Abẹ́rẹ́. Ojú ibi tí wọ́n ti gún ọmọ náà lábẹ́rẹ́ ní apá wú. Ìyá Abẹ́rẹ́ mọ irú wíwú tí kò ní wàhálà nínú, tó máa ń lọ fúnra rẹ̀. Eléyìí kì í ṣe irú ìyẹn. Ó le, ó gbóná, ó sì ti ń gba ọyún. Ó ní kí ìyá náà tètè gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn. Òun fúnra rẹ̀ wọ bàtà, ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. Ó rí òmíràn, ó tún rí òmíràn. Nígbà tó wo káàdì wọn, ẹrù kan náà ni wọ́n ti mú abẹ́rẹ́ gbogbo wọn jáde, èyí tí ilé-iṣẹ́ oògùn mìíràn, tí kì í ṣe ti ọ̀ràn Dókítà Àgbà, ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé.

Kò pariwo. Ó ti rí ohun tí àìsàn máa ń fi ojú ọmọ tí kò gba abẹ́rẹ́ rí, kò sì fẹ́ kí àwọn ìyá máa sá. Ó sọ fún wọn pé, "Abẹ́rẹ́ dára. Nǹkan kan ló ṣe eléyìí, a ó sì mọ ohun tó ṣe é. Ẹni tó bá rí kòkòrò nínú ẹ̀wà kan kì í sun oko." Ó mú ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìgbìmọ̀, wọ́n sì fi í sí ìpàdé tó ń bọ̀. Àmọ́ ó ti rí i lójú wọn pé kò wọ̀ wọ́n lọ́kàn. Ẹnìkan ní àfàìmọ̀ kó máà jẹ́ ìdọ̀tí ilé. Ẹlòmíràn ní bí wọ́n bá ń dáwọ́ abẹ́rẹ́ dúró nítorí apá wíwú, wọn ò ní gún ẹnikẹ́ni mọ́. Agbẹjọ́rò nìkan ló dúró tì í. Bí òun kò bá sí nínú yàrá lọ́jọ́ náà láti di ọ̀rọ̀ yìí mú, ó dá a lójú pé wọ́n á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àwọn ọmọ mìíràn á sì máa gba abẹ́rẹ́ nínú ẹrù náà.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Ọ̀gá Kékeré sáré wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá iṣẹ́ láti ìgbà tó ti jáde ilé ìwé gíga. Ó ti wá a débi pé bí wọ́n bá ní "báwo ni?", "kò tíì sí" ló máa ń dáhùn.

"Mọ́mì! Dádì! Wọ́n ti gbà mí!"

Káfíńtà ju ìfági sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó láàárín èérún igi. "Àti òní lọ, ẹni tó bá tún fẹ́ kí n yá òun ní ọmọ tó máa bá òun gbé pákó, kó lọ gba ìwé ní ọ́fíìsì!"

"Ilé-iṣẹ́ wo ni?" ni Ìyá Abẹ́rẹ́ béèrè.

Ó dárúkọ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó kó abẹ́rẹ́ náà wọlé ni.

Ìyá Abẹ́rẹ́ sọ pé àdúrà ti gbà. Ó sọ ọ́, ó sì fẹ́ kó jẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ káfíńtà ti rí ojú rẹ̀, ó dáwọ́ ijó dúró. Nígbà tó ṣàlàyé fún wọn, Ọ̀gá Kékeré jókòó sórí tábìlì tí wọn kò tíì kun.

"Wọ́n ti ní kí n tẹ̀lé ọ̀gá wa lọ sí ìpàdé yẹn," ló wí. "Èmi ni mo máa bá wọn gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fi àwòrán hàn. Bí wọ́n bá mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ fẹjọ́ wọn sùn…"

"Èmi náà gbọ́dọ̀ sọ okùn mi, kí n sì jáde."

Ọ̀gá Kékeré gbọn èérún igi kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀. Ó wá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń ka ìwé. "Òfin yín ò sọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo èèyàn ló lè kà á, mo sì ti kà á. Ọmọ bíbí ni wọ́n kọ síbẹ̀, ọkọ, ìyàwó, ẹ̀gbọ́n, àbúrò. Kò sí ọmọ àbúrò níbẹ̀. Bí wọ́n bá bi yín, ẹ kàn ní èmi kì í ṣe ọmọ yín. Ẹ̀yin á dúró nínú yàrá, wọn ò sì ní lé mi. Kò sí irọ́ ńbẹ̀, Mọ́mì. Kò ní dùn mí."

Bàtà rẹ̀ tuntun ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́. Ìyá Abẹ́rẹ́ sì rí ọmọkùnrin kan lẹ́nu ọ̀nà, tí báàgì ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ó lọ rí alága ìgbìmọ̀ ní ọ́fíìsì rẹ̀. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni alága, ó bọ̀wọ̀ fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó kó ọwọ́ lé orí tábìlì. "Ìyá, ẹ jẹ́ n bá yín sọ òótọ́. Bí ẹ bá jáde, ọ̀rọ̀ yẹn kú nìyẹn. Òfin kò sì lé yín jáde. Tí mo bá béèrè bóyá ọmọ yín ni, ẹ sọ pé rárá, ká máa bá iṣẹ́ wa lọ. Nítorí àwọn ọmọ yẹn ni."

Ó rò ó bó ṣe ń lọ sílé. Ọ̀nà náà tẹ́jú: apá àwọn ọmọ, iṣẹ́ Ọ̀gá Kékeré, àga tirẹ̀ nínú ìgbìmọ̀, gbogbo wọn ló máa dára. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló máa ná an, òtítọ́ sì ni lójú òfin. Ó pinnu pé òun á sọ ọ́.

Lójú ọ̀nà, ó yà láti wo ọmọ tó kọ́kọ́ rí. Apá náà ti ń jinná. Ó fọ ojú egbò rẹ̀, ó ń dì í, ni ó bá gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ń bi ìyá ọmọ pé, "Ó dá ẹ lójú pé o ò fi nǹkankan ra ojú egbò yìí? Ṣé ọwọ́ ẹ mọ́ nígbà tó o ń wẹ̀ ẹ́?"

Ìyá ọmọ náà gbé ojú sókè. "Màmá, ẹ ti bi mí tẹ́lẹ̀. Ìgbà yẹn ẹ bi mí bí ẹni tó fẹ́ mọ̀. Lónìí ẹ bi mí bí ọlọ́pàá."

Ọwọ́ Ìyá Abẹ́rẹ́ dúró lórí báńdéèjì. Ó wá rántí pé láti ọjọ́ tí Ọ̀gá Kékeré ti gba iṣẹ́ ni òun ti ń wá àwíjàre fún ilé-iṣẹ́ náà. Bóyá fìríìjì ilé ìwòsàn ló bàjẹ́. Bóyá nọ́ọ̀sì kan ni kò nu apá ọmọ. Kò sí ẹni tó bẹ̀ ẹ́ pé kó rò bẹ́ẹ̀. Ó rò ó fúnra rẹ̀, nígbà tó ń pọn omi, nígbà tó ń ká aṣọ. Òun tó ń sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì pé ojú ni ọ̀gá ọwọ́, ojú òun ti ń wo ibòmíì, òun kò sì mọ̀. Òfin lè má rí okùn náà, àmọ́ okùn náà ti ń fa òun.

Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá ọmọ náà, ó sì bi í bóyá òun àti àwọn ìyá yòókù á lè wá sí ọ́fíìsì ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ ìpàdé.

Ọjọ́ náà pé. Tábìlì gígùn ló wà láàárín yàrá, ike omi wà níwájú kálukú, fáànù òkè sì ń ṣe kẹ́kẹ́kẹ́ bí ẹni tó fẹ́ já sílẹ̀. Àwọn èèyàn ilé-iṣẹ́ náà jókòó lẹ́bàá ògiri. Ọ̀gá wọn wọ kóòtù. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ọ̀gá Kékeré wà, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ojú ọ̀run tí Ìyá Abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ lọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó tẹjú mọ́ wáyà ẹ̀rọ bí ẹni pé wáyà náà fẹ́ sọ̀rọ̀.

Akọ̀wé dìde, ó béèrè ìbéèrè rẹ̀. Akọ̀wé ti ń jókòó padà nígbà tí Ìyá Abẹ́rẹ́ di etí tábìlì mú, tó dìde.

"Okùn kan so mí mọ́ ọ̀rọ̀ òní. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó sọ́dọ̀ ẹ̀rọ yẹn, iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ yìí ló ń ṣe. Ọmọ mi ni."

Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà yí ọrùn wo ẹ̀yìn. Ọ̀gá Kékeré kò gbé ojú sókè, ṣùgbọ́n wáyà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Alága wú ikọ́. Ó ń fi ojú bẹ̀ ẹ́. "Ìyá, kí akọ̀wé lè rí nǹkan kọ, ṣé ọmọ bíbí yín ni?"

"Kí akọ̀wé kọ ọ́ pé àbúrò mi tó ti kú ló bí i. Kó sì kọ ọ́ pé ọmọ mi ni."

"Òfin kò ní kí ẹ jáde nítorí ìyẹn, Mà," ni agbẹjọ́rò wí. Ó mọ̀ pé òun nìkan ló máa kù. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

"Òfin kò mọ̀ ọ́n, ìyá mi. Èmi ni mo mọ̀ ọ́n. Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíì. Láti ìgbà tó ti gba iṣẹ́ yìí ni mo ti ń bá ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wá àwíjàre láìmọ̀. Lónìí mo lè gbè wọ́n. Tàbí kí n ṣe ìkà sí wọn, kí ẹ má bàa ní mo gbè wọ́n. Ẹ̀yin ò ní mọ èwo ni. Èmi náà ò ní mọ̀ ọ́n. Ẹ má fi ìdájọ́ yìí sí ọwọ́ mi." Ó tọ́ka sí fèrèsé. "Àwọn ìyá náà wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú ọmọ wọn. Wọn ò bá ẹnikẹ́ni tan níbí. Ẹ pè wọ́n, kí ẹ fi ojú ara yín wò ó."

Ó kó báàgì rẹ̀. Nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ Dókítà Àgbà, ọkùnrin náà yọ awò ojú rẹ̀, ó wò ó. Ìyá Abẹ́rẹ́ ti múra sílẹ̀ de ọ̀rọ̀ òkò àti ọjà.

"Ìyá," ni Dókítà Àgbà wí pẹ̀lú ohùn àárẹ̀ rẹ̀, "ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹ̀yìn ló ń mì. Ẹ fara ti ògiri."

Ó jókòó. Àga náà mì gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń gbọ́ ohùn, kò gbọ́ ọ̀rọ̀. Obìnrin tó ń nu ilẹ̀ kọjá pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó dúró.

"Háà, Ìyá! Kí lẹ ṣe tí wọ́n fi lé yín síta?"

"Mo bímọ ni," ni Ìyá Abẹ́rẹ́ dá a lóhùn.

Obìnrin náà wò ó, kò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín. Ó rọra nu ibi tó kù, ó lọ.

Ìgbà tó yá, ó rí àwọn ìyá náà tí wọ́n ń gun àtẹ̀gùn bọ̀, àwọn ọmọ wà lẹ́yìn wọn. Akọ̀wé ṣílẹ̀kùn fún wọn, wọ́n wọlé. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde, àwọn èèyàn ilé-iṣẹ́ náà tẹ̀lé wọn, nítorí ó ti kù sọ́wọ́ ìgbìmọ̀ láti dá a. Ọ̀gá tó wọ kóòtù gba ẹ̀gbẹ́ Ìyá Abẹ́rẹ́ kọjá bí ẹni pé ògiri ni, ó ti gbé fóònù sétí. Ọ̀gá Kékeré ló kẹ́yìn. Ó wò yíká, kò rí àga mìíràn. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò tuntun.

"Ilẹ̀ yẹn ṣì tutù," ni Ìyá Abẹ́rẹ́ wí.

"Mo mọ̀." Ó fa orúnkún méjèèjì mọ́ra. "Ọ̀gá wa ní kí n wá rí òun lọ́la. Wọ́n lè lé mi."

"Wọ́n lè lé ẹ."

"Mo ní kí ẹ sọ ọ́, Mọ́mì. Mo ní kò ní dùn mí."

"Mo gbọ́ ọ."

"Láti àárọ̀ ni mo ti ń múra ẹ̀ sílẹ̀. Mo ní tí ẹ bá ti sọ ọ́, n ó máa wo wáyà, n ò ní gbójú sókè, á kọjá." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú bí ọmọdé. "Inú ń bí mi sí yín o."

"Kó máa bí ẹ. Ọmọ mi ló ń bínú, kì í ṣe ọmọ ẹlòmíì."

Nígbà tí Ìyá Abẹ́rẹ́ yí ara padà, àga kò mì mọ́. Ó wo ìsàlẹ̀. Ọmọ náà ti fi èjìká rẹ̀ ti ẹsẹ̀ tó ń mì, ó sì jókòó bẹ́ẹ̀ láìwo òkè, títí ilẹ̀kùn fi ṣí.

Wọ́n pe Ìyá Abẹ́rẹ́ wọlé. Akọ̀wé ka ohun tí wọ́n fẹnu kò sí láìwo apá ọ̀dọ̀ rẹ̀, bí òfin ṣe ní: kí wọ́n kó gbogbo ẹrù náà sọ́tọ̀, kí wọ́n má ṣe fi gún ọmọ kankan títí wọ́n á fi yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì máa fi ẹrù mìíràn gún àwọn ọmọ lọ. Ìyá Abẹ́rẹ́ kò béèrè ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ àti ẹni tí kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó kàn rí i pé ìwé iwájú Dókítà Àgbà kún fún àwòrán apá ọmọdé tó fi bírò yà, pẹ̀lú àmì níbi tó wú.

Nígbà tí àbájáde dé, abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ kò ní àléébù. Omi tí wọ́n fi ń pò ó, tó bá a wá nínú ẹrù náà, ni ìdérí àwọn ìgò rẹ̀ kan kò dì dáadáa, tí kòkòrò sì wọ inú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà kó omi náà padà. Wọn kò lé Ọ̀gá Kékeré, ṣùgbọ́n wọ́n gbé e lọ sí ilé ìkẹ́rùsí, níbi tí ojú ọ̀gá kò ti ní máa rí i. Ó kùn títí. Ó ṣì ń kùn. Iṣẹ́ kan tó ń ṣe níbẹ̀ báyìí ni pé ó máa ń gbé ìgò sókè sí ojú fèrèsé kó tó jẹ́ kó jáde, ó sì ti gbàgbé ibi tó ti kọ́ ọ. Àwọn ìyá gbé ọmọ wọn padà wá gba abẹ́rẹ́, ìyẹn tí apá ọmọ rẹ̀ kọ́kọ́ wú náà sì wá.

Lọ́jọ́ tí ìpàdé mìíràn fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ìgbìmọ̀ rí bàbá kan tó gbé àpótí irinṣẹ́.

"Bàbá, ta lẹ wá rí?"

"Àga ni."

"Àga?"

"Ìyàwó mi jókòó sórí àga yín kan, láti ìgbà yẹn ìbàdí ń dùn ún, èmi ni mò ń gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ n wọlé."

Wọ́n jẹ́ kó wọlé. Ó yí àga náà dojú bolẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi gúlúù sí i, ó gbá ìṣó sí i, ó sì fi òòlù kàn án wò bí dókítà ṣe ń kan àyà aláìsàn. Ó gbé e dúró, ó jókòó lé e, ó yí síhìn-ín, ó yí sọ́hùn-ún. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ń kọjá wọlé, wọ́n ń kí i. Nígbà tí Ìyá Abẹ́rẹ́ dé, ó dìde fún un, ó sì fi ọwọ́ gbọn ìjókòó rẹ̀.

"Ó ti dúró," ló wí. "Ẹni tó bá kàn, kó wá jókòó."